A Gbọ́, A Kò Tíì Gbà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tí n kò tíì fojú rí. Ara mi le. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni o ń sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Rédíò, ti tún gbé ìròyìn sáfẹ́fẹ́. N ó tún un ṣe.

N kò fi agboòrùn fọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé agboòrùn mi lé orí tábìlì tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kà, omi kán sí i lára, ẹni tó wá tò ó sì figbe ta. Mo gbé agboòrùn mi kúrò, mo fi áńkáṣíìfù mi nu omi náà. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Wọn kò lé mi. Mo ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n padà wá, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí fáìlì wà. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, a jẹ́ pé mo fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kejì.

N kò kó òṣìṣẹ́ kankan jáde síta. Àwa mẹ́fà tó wà ní yàrá fáìlì jáde lọ́sàn-án láti lọ jẹun. Ebi ló kó wa jáde.

Ní ti pé mo sunkún níwájú Alákòóso ilé ìwòsàn wa, ìwọ mọ̀ mí. N kò ní dá ìyẹn lóhùn.

Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ìròyìn Rédíò ni pé ìwé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí, tí n kò sì tíì fọwọ́ sí. Ìwé náà sọ pé wọ́n ti bá àwa òṣìṣẹ́ jíròrò kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá wọ yàrá fáìlì, àti pé a fara mọ́ ọn. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, nítorí náà orúkọ mi ni wọ́n ń wá. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì ti rẹ̀ mí.

O bèèrè ìdí tí n kò fi ń gbé fóònù mọ́. Etí mi ni. Ohùn inú fóònù ti di kíkùn eṣinṣin létí mi. Máa kọ̀wé. Lẹ́tà kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ìyàwó mi ní kí n kí yín kí n tó kí yín fúnra mi. Ọmọ yín kékeré ti ń dìde dúró báyìí. Ó máa ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú, á wá máa wò wá bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó jalè. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé ojú ìyá mi ló gbé wáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí ìròyìn Rédíò. Nígbà tó ní ẹ fi agboòrùn lu ẹ̀rọ, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, agboòrùn yẹn? Wọn kì í fi lu nǹkan, ó níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn, mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ẹ foríjì mí.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Ẹ fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń fúnni ní físà ti ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ibi iṣẹ́ yín, pé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti pé ẹ máa padà síbẹ̀. Alákòóso yẹn náà ló máa kọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gba ìwé yín, ẹ wá gbé ọmọ yìí, kí ẹ sì sinmi. Ẹ ti ṣe tó.

Àwọn ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ọ̀tá, Màmá. Èmi gan-an, ìdí iṣẹ́ wọn ni mo wà. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí. Mi ò tètè sọ fún yín torí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́. Yàrá gbọọrọ kan ni, àwa ogójì la wà níbẹ̀, kálukú dojú kọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àwòrán ìwé ni wọ́n máa ń gbé síwájú wa, àwa á wá sọ fún ẹ̀rọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ rèé, òǹtẹ̀ rèé, ìwé yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí ti parí. Bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo rí. Ẹ ò rí i, Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ní mi ò ní fẹ́ràn ìwé láéláé! Àwa méjèèjì ti wá di òṣìṣẹ́ ìwé.

Ẹ tètè dá mi lóhùn o.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí gbogbo yín. Inú mi dùn pé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ mọ́. Ọmọ tó ń wò yín bí ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kó máa wò yín. Ó ṣeé ṣe kó nídìí.

Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó ròyìn ọ̀rọ̀ ìwé yìí, kí o lè mọ ohun tí ò ń bẹ̀ mí sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, àwọn kan wá ya àwòrán gbogbo fáìlì wa. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá, Alákòóso pè wá sí gbọ̀ngàn. Àga kò tó, nítorí náà a wà lórí ìdúró. Ó ní ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tó ti ka gbogbo fáìlì, tí yóò máa yan ẹni tí dókítà yóò kọ́kọ́ rí, tí yóò sì máa ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn pé ọjọ́ wọn ti pé. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó wá bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo wa dáhùn pé, "A gbọ́, sà." Ó wo aago rẹ̀, ó lọ.

Ìjíròrò náà nìyẹn. Nígbà tí ìwé dé ní oṣù kìíní, ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ni pé, "Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́, wọ́n sì gbà."

Mo mú ìwé náà tọ Alákòóso lọ. Mo ní, "Sà, gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá gbóhùn sókè bí ẹni ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. "Màmá! Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé etí yín ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́?"

Arẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn mi. Ọmọbìnrin tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi ni. Ẹ̀rín rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Sà, tí mo bá gbọ́ pé ilé mi ń jó, ṣé mo ti gbà kó máa jó nìyẹn?" Ní ọjọ́ kejì wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀.

Mo lè fi í mọ bẹ́ẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Bàbá kan ni kò jẹ́.

Bíríkìlà ni, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Oṣooṣù ló ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti oṣù kejìlá ni kò ti rí ìránṣẹ́ gbà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí a ó fi tilẹ̀kùn, a kò sì ní pè é. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ní ìgbà kẹta, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ṣí fìlà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kú ni, tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi?"

Mo wá a kàn. Ẹ̀rọ ti kọ "ti parí" sí fáìlì rẹ̀.

Ìwọ kò mọ àmì tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé lẹ́yìn tí o lọ ni mo dá a sílẹ̀. Bí etí aláìsàn kan kò bá gbọ́, a kì í kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fáìlì rẹ̀, kí ojú má baà tì í. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó ṣẹ́ igun òkè fáìlì náà po ní apá òsì. Nọ́ọ̀sì tó bá rí i mọ̀ pé kí òun má dúró sẹ́nu ọ̀nà pariwo orúkọ. Yóò rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, yóò fọwọ́ kàn án léjìká. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, ọwọ́ wa ni òfin náà wà. Ẹ̀rọ náà, tàbí ẹni tó kọ́ ọ, rí igun tí a ṣẹ́ po, ó sì pinnu pé fáìlì tí a ti pa dé ni. Mo ti ka irú rẹ̀ mẹ́tàlélógójì títí di òní. Mẹ́tàlélógójì ènìyàn tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè mọ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà.

O pa òwe fún mi. Èmi kò bèèrè ikú tó pa baba ẹnikẹ́ni. Ti baba tí kò tíì kú ni mo ń bèèrè.

N kò kórìíra ẹ̀rọ. Fáìlì wúwo, àtẹ̀gùn ga, eékún mi méjèèjì sì ń kígbe. Bí ohun kan bá fẹ́ bá mi gbé e, kó wá gbé e. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣe àmì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń túmọ̀ rẹ̀. Alákòóso ní ìwé ẹ̀rí tí mo fẹ́ gbà ń bẹ lórí tábìlì òun, àti pé ọjọ́ tí èmi bá fọwọ́ sí ti òun ni òun yóò fọwọ́ sí tèmi. Kò pariwo nígbà tó ń sọ èyí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò tíì rí èsì kankan gbà. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ físà: ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin. Bí ìwé ẹ̀rí yẹn kò bá sí nínú ìwé tí ẹ bá kó lọ, wọ́n á dá yín padà lẹ́nu géètì, ọdún kan gbáko la ó tún fi dúró.

Màmá, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú. Ṣé inú fọ́tò nìkan lọmọ yìí á ti mọ yín? Lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn eré sísá nílé ìwé, gbogbo ìyá ló pé, àga tiyín nìkan ló ṣófo. Fáìlì ni. Ọjọ́ tí mo ń rìnrìn àjò, ẹ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, ẹ yíjú padà, ẹ ní fáìlì ń dúró dè yín. Mi ò ráhùn nígbà yẹn. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti di bàbá ọmọ, mo sì ń ráhùn. Kí ló wà nínú fáìlì wọ̀nyẹn tí kò sí lára wa?

Ẹ fọwọ́ sí i, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà wa kọjá ara wọn lọ́nà. Ìwọ yóò ti rí tèmi nísinsìnyí.

Àga mi ṣófo lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni. N kò ní àwíjàre.

Ní ti ibùdókọ̀, kò sí fáìlì kankan tó ń dúró dè mí. Ọjọ́ ìsinmi ni. N kò fẹ́ kí o rí ojú mi ni.

Ohun kan wà tí n kò kọ sínú lẹ́tà mi tó kọjá. Fáìlì tèmi náà ní igun tí a ṣẹ́ po. Èmi fúnra mi ni mo ṣẹ́ ẹ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí dókítà etí yẹ̀ mí wò tán. Èmi wà nínú àwọn mẹ́tàlélógójì náà. Lójú ẹ̀rọ, èmi náà ti parí. Arẹ́rìn-ín ní kí n máa rọra rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n má baà dẹ́rù ba àwọn alààyè.

Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè: ìwé tí òkú bá fọwọ́ sí, kí ni yóò wúlò fún?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méje rèé. N kò rí lẹ́tà rẹ. Ọjọ́ físà ti kọjá. N kò lọ, nítorí pé n kò ní ìwé tí n ó mú lọ. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìyẹn ni o fi ń bínú, bínú, ṣùgbọ́n kọ̀wé. Rédíò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ti yí padà. N kò gbà á gbọ́ títí n ó fi rí ìwé ọwọ́ rẹ.

A ti rí àwọn mẹ́tàlélógójì náà, ṣùgbọ́n a kò tètè rí ẹnìkan. Aránṣọ ni, ilé rẹ̀ jìnnà. Nígbà tí a máa fi rí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e ṣubú nílé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní òun rò pé a ti rí ẹni tó sàn ju òun lọ láti máa tọ́jú ni, òun kò sì fẹ́ dà wá láàmú. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan.

Ìwé Alákòóso ṣì wà nínú àpò mi. Ó ti ní ìlà níbi tí mo ti ká a.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. N kò sọ ọ́ kí o lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn níhìn-ín. Ọmọ ti ń rìn. Mi ò bínú sí yín rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, lórí àtẹ̀gùn, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ní tèmi, mo ní Arẹ́rìn-ín yìí máa fi ẹ̀rín pa èèyàn. Mo wá dé ibi tí ẹ kọ "igun òkè, apá òsì" sí. Mo tún ìlà yẹn kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Màmá, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kálukú wa. Ohun tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ fún àmì kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Ìlà karùn-ún rẹ̀ ni pé: bí igun bá ṣẹ́ po, tẹ "ti parí". Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni wọ́n fún wa lórí àwòrán kan. Mi ò mọ iye tí mo ti tẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìlà dúdú bo orúkọ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, wọn kì í sì í sọ ilé ìwòsàn tó ti wá. Ó lè jẹ́ ibòmíràn. Ilé ìwòsàn pọ̀ láyé. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi nìyẹn, fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Fáìlì kan jáde síwájú mi, ẹni tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ fa ìlà kékeré kọjá láàárín méje, bí ẹ ṣe máa ń fà á. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ sókè, mo ní, "Ẹ wo méje ìyá mi!" Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bojú wò mí. Mo wo igun rẹ̀, ó ṣẹ́ po. Mo tẹ̀ ẹ́, òmíràn jáde.

Mo ti bèèrè o, Màmá. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo bi ọ̀gá wa pé ta ló sọ pé ohun tí igun yìí túmọ̀ sí nìyẹn. Ó ní, "A ò gbà ọ́ síṣẹ́ kó o máa ronú, a gbà ọ́ kó o máa tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin gbọ́, ẹ ò gbà. Èmi gbọ́, mo gbà.

Nígbà tí lẹ́tà yín kejì dé, tí mo kà pé fáìlì tiyín wà nínú wọn, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo jáde síta. Ìyàwó mi rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni.

Mo padà sọ fún àwọn tó wà nínú yàrá wa. Àwa méje la kọ̀wé sí ọ̀gá. A ò sọ pé a ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe fún wa ni bọ́tìnì kan péré, tí a máa tẹ̀ tí ohun kan bá rú wa lójú, tó máa sọ pé: ẹ bi ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá mi padà sí ilé ìkẹ́rùsí. Rédíò kò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí.

Màmá, ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ nọ́ńbà fáìlì yín. Ṣé méje wà nínú rẹ̀? Ṣé èmi ni? Àti aránṣọ yẹn ńkọ́? Ẹ bú mi, ẹ dárí jì mí, èyí tó bá wù yín. Kí ẹ má kàn dákẹ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tó ti ń rìn.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ẹtì kan láàárín oṣù kẹfà. Mo kà á ní yàrá fáìlì, mo ká a, mo fi í sínú àpò mi pẹ̀lú ìwé Alákòóso. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé Alákòóso jáde. Mo fi gègé fa ìlà sórí "wọ́n sì gbà". Mo kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "A gbọ́. A kò tíì gbà." Mo kọ ohun tí yóò mú wa gbà sábẹ́ rẹ̀: kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì jókòó ti ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ; kí ẹ̀rọ má yọ aláìsàn kankan kúrò títí ènìyàn yóò fi wo fáìlì rẹ̀ lójú; kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá rí àṣìṣe láṣẹ láti dá a dúró, láìgba ìwé ìkìlọ̀. Mo wá fọwọ́ sí i. Arẹ́rìn-ín fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́rin yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní kí a gbé e wá. Ìwé náà kò gbà wá mọ́, a kọ ọ́ dé ẹ̀yìn.

Alákòóso wò ó. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ba ìwé yìí jẹ́."

Mo ní, "Rárá, sà. Mo parí rẹ̀ ni."

Kò pariwo, èmi náà kò pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aránṣọ ti lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n mú ìwé ìjíròrò náà wá kí àwọn rí i. Kò sí ẹ̀dà mìíràn tí ìbuwọ́lùwé wà lórí rẹ̀ àfi tiwa.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nípa àṣẹ ìgbìmọ̀, èmi àti Arẹ́rìn-ín ń jókòó ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà tò, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Òun ló figbe ta lọ́jọ́ agboòrùn. Ó ti ń fún mi ní àga báyìí. Ó gbé fáìlì kan sókè, ó ní, "Màmá, kí ni okùn pupa yìí wà fún?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi wá nìyẹn láti oṣù kẹjọ. Àmì mọ́kànlá ni a ní. A ti kọ́ ọ ní mẹ́rin. Arẹ́rìn-ín ní orúkọ ẹ̀rọ náà ni Mọ̀-ọ́n-tán, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbẹ̀kọ́ báyìí, yóò di Mọ̀-díẹ̀ láìpẹ́. A rẹ́rìn-ín. N kò ní pè é ní ìṣẹ́gun. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ó máa ń rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì aláìsàn kí n tó lè rìn délé.

Alákòóso kò tíì kọ ìwé ẹ̀rí mi, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ mọ́. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó wá, a jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ ni. Ní báyìí ná, kọ́ ọmọ náà ní ohun kan fún mi. Bí ó bá fẹ́ pe ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó má pariwo. Kí ó rìn wá, kí ó fọwọ́ kàn mí léjìká. N ó mọ̀ pé òun ni.

Fi omi gbígbóná jẹ ẹ̀yìn rẹ. Má gbé ohun tó ju agbára rẹ lọ. Bọ́tìnì tí ẹ̀yin méje bèèrè fún, ẹ má jáwọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni, ẹ sọ ọ́ lásìkò tó ṣòro, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́.

Aránṣọ ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì rán nǹkan. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ó bi mí léèrè bí ọmọ mi tó wà lókèèrè ti ń ṣe. Mo ní ó ń ṣe dáadáa, ẹ̀yìn ni ó ń dùn ún.

Ní ti méje: ó ju ogún ènìyàn lọ tí mo ti kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn ló ń fa ìlà sí méje.

Nọ́ńbà tó wà lára fáìlì mi, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ìka ẹni tó tẹ̀ ẹ́: n kò ní sọ̀rọ̀ lórí wọn mọ́, nínú lẹ́tà tàbí lójúkojú. Má bi mí. Má sì ṣe jẹ́ kí Rédíò gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, fáìlì ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ "ti parí" sí láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ